Mo Gé Àǹtí Saidat Kúrò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Wọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ má bá mi kẹ́dùn. Bí inú bá bí yín sí mi nígbà tí ẹ bá kà á tán, inú ti bí mi sí ara mi ṣáájú yín, kò sì tíì rọ̀. Ohun tí mo ṣe yìí, ojú méjèèjì mi là sílẹ̀ nígbà tí mo ń ṣe é.

Yéwándé lorúkọ mi. Òkè-Ìlewò, l'Abẹ́òkúta, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń to ojú ewé ìwé kí ó tó wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yín àti fọ́tò yín wá, ìbáà jẹ́ ti ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú, èmi á gé e, mo máa tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, mo máa tò ó kí ó bá ojú mu.

Nígbà tí mo kúrò l'Òṣíẹ̀lẹ̀ wá kọ́ iṣẹ́ yìí, Àǹtí Saidat ló gbà mí sílé. Aláró ni wọ́n, Ìtòkú ni ìsọ̀ wọn wà. Wọn kì í ṣe ẹbí mi rárá. Ìyá mi kàn máa ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ wọn ni. Odindi ọdún méjì ni mo fi sùn nínú yàrá wọn, tí mo ń jẹ nínú ìkòkò wọn, wọn kò sì bi mí léèrè ọjọ́ tí mo máa lọ.

Bàbá tó bí wọn ni Bàbá Ògúndípẹ̀, tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn wa tírélà sìmẹ́ńtì l'Ewékorò kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sílé wọn ní Ìtokò. Obìnrin Mùsùlùmí kan ló bí Àǹtí Saidat fún Bàbá, kí Bàbá tó ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá kò fi ọmọ yìí pamọ́ rí. Àwọn ọmọ tí ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì bí, àwọn mẹ́rin, àwọn ni wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Àǹtí Saidat sétí.

Gbémiga ni àgbà àwọn mẹ́rin náà. Ó tó ẹni tí ó yẹ kí n máa fi "wọn" pè, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ẹ forí jì mí. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti tán, "ó" ni mo máa pè é títí ìtàn yìí á fi parí.

Bàbá kú lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Àǹtí Saidat wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n mú fọ́tò kan jáde nínú ọ̀rá, wọ́n fi eteetí aṣọ wọn nù ún kí wọ́n tó gbé e síwájú mi.

Bàbá jókòó sórí àga nínú fọ́tò náà. Àǹtí Saidat dúró sí ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká Bàbá. Bàbá yíjú sókè sí ọmọ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, eyín wọn hàn síta. Àdìrẹ tí Bàbá wọ̀, Àǹtí fúnra wọn ló rẹ ẹ́.

Àǹtí ní, "Yéwándé, wọn ò pè mí sí ìpàdé ìsìnkú. Mi ò bá wọn jà. Ṣé ìwọ lò ń tẹ ìwé ètò yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, Àǹtí. Ọ̀la ni wọ́n máa kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá."

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí orúkọ mi wà láàárín orúkọ àwọn ọmọ, kí fọ́tò yìí sì wà níbẹ̀. Òun nìkan lèmi àti Bàbá jọ yà láyé wa. Mo fẹ́ káwọn ọmọ mi rí i lórí ìwé pé ìyá àwọn ní bàbá."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo gba fọ́tò náà, mo fi ẹ̀rọ gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà níṣojú wọn. Wọ́n rí ara wọn gàgàrà lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Gbémiga dé lọ́jọ́ kejì. Ó kó bébà tí ó ti tẹ ọ̀rọ̀ sí dání. Ibi tí wọ́n kọ "Àwọn ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀" sí, orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ló ṣíwájú, "àkọ́bí" sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Fọ́tò Bàbá ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà mi. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Fọ́tò yìí mà dáa o. Èyí tí àwa ní nílé, Bàbá di ojú nínú rẹ̀. Níbo lo ti rí i?"

"Àǹtí Saidat ló mú un wá, sà."

Ó pòṣé. "Ó dáa. Bàbá la máa lò. Gé obìnrin yẹn kúrò."

Obìnrin yẹn. Àǹtí fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ.

Mo ní, "Sà, ọmọ Bàbá ni wọ́n. Wọ́n tún ní kí n bá àwọn fi orúkọ…"

"Ta ló bi ọ́ ní ìyẹn? Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá máa to ẹbí wa fún wa ni? Àlùfáà á dúró níwájú ìjọ, á máa ka orúkọ ọmọ àlè sétígbọ̀ọ́ Bíṣọ́ọ̀bù?"

Bóyá ó rí i lójú mi pé n kò fẹ́ ṣe é, ó fa àga, ó jókòó, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Yéwándé, gbọ́ mi. Ìjọ wa ń pé ọgọ́rùn-ún ọdún, èmi sì ni alága ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí. Ìwé gidi ni, ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé, gbogbo rẹ̀ aláwọ̀ mèremère. Wọ́n ní kí n gbé e fún àwọn ará Ìbàdàn. Mo ní rárá, mo mọ ọmọ kan l'Òkè-Ìlewò níbí. Tí o bá ṣe é, a máa kọ ọ́ sí ojú ewé kejì gàdàgbà pé Yéwándé ló to ìwé yìí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ ló ti mú mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń to ìwé fún ènìyàn. Mo ti to ti àwọn olóyè, mo ti to ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, orúkọ mi kò sì sí nínú ẹyọ kan. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ á wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á wà níbẹ̀. Èmi tí ẹ̀yìn ń dùn lórí àga ni kò sí. Ojú orúkọ ń pọ́n mi. Nítorí kí orúkọ tèmi lè wọ inú ìwé, mo gbà láti yọ orúkọ ẹlòmíràn kúrò nínú ìwé. Nígbà tí mo ń gbà á, n kò tilẹ̀ rí i pé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Mo ní, "Kò burú, sà."

Ó na ọwọ́ sí fọ́tò tó wà lórí tábìlì. "Jẹ́ kí n mú èyí dání. Èmi á dá a padà fún un."

Mo gbé e fún un. Mo gbé nǹkan onínǹkan fún un bí ẹni tó ń gbé omi mu fún àlejò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣiṣẹ́ náà, ó sì dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Orí Àǹtí ni mo kọ́kọ́ pa rẹ́, lẹ́yìn náà ara, títí ó fi ku ọwọ́ tó wà lórí èjìká Bàbá. Ọwọ́ yẹn kò rọrùn. Mo bu àwòrán àdìrẹ láti èjìká kejì, mo fi ń bo ìka wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń rọra ṣe é kí ọnà aṣọ náà má baà já. Nígbà tí mo débi àtàǹpàkò, fóònù mi dún. Gbémiga ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù.

"Yéwándé, ṣé o ti yọ obìnrin yẹn? Orúkọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ inú ìwé yẹn o. Má jẹ́ kí ìka rẹ̀ kan kù síbẹ̀."

Mo fèsì pé ó ti ń parí lọ.

Nígbà tí mo gbé Bàbá nìkan sójú ewé àkọ́kọ́, nǹkan kan kò bára mu. Ọwọ́ òsì ìwé ni fọ́tò wà, orúkọ olóògbé àti ọjọ́ ìbí wà lọ́tùn-ún, Bàbá sì kọjú síta. Wọ́n kẹ̀yìn sí orúkọ ara wọn. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa pé ẹni tó wà nínú fọ́tò gbọdọ̀ kọjú sínú ìwé, kó má máa wo ìta bí ẹni tó fẹ́ jáde lọ. Ìyẹn kò ṣòro. Mo tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, àwòrán náà yí padà bí ẹni tó wà nínú dígí, Bàbá sì kọjú sí orúkọ wọn. Mo gbé e pamọ́ lórí èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Mo jókòó, mo ń wò ó, mo ń yin ara mi.

Alẹ́ kò tíì lẹ́ tán tí Àǹtí fi pè mí.

"Yéwándé ọmọ mi, o kú iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ṣé orúkọ mi wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Àǹtí."

"Níbo ló wà?"

Kí ló dé tí n kò sọ òtítọ́? Kí ló dé tí n kò tilẹ̀ pa irọ́ kékeré? Mo ní, "Òkè pátápátá ló wà. Ẹ̀yin lẹ ṣíwájú."

Wọ́n ní, "Ọlọ́run á gbé orúkọ tìẹ náà sókè."

Mo ní àmín. Ẹnu mi yìí ló ṣe àmín.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò lọ tó ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsìnkú. Inú ọgbà ilé Bàbá ní Ìtokò ni wọ́n gbẹ́ sàréè sí. Èmi ni mo gbé páálí ìwé tó kù débẹ̀, mo sì dúró lẹ́yìn àwọn ènìyàn. Ọkàn mi kò balẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé nínú èrò yìí, ta ni yóò fara balẹ̀ ka ìwé.

Àlùfáà gbàdúrà tán. Wọ́n ní, "Àkọ́bí olóògbé ni yóò kọ́kọ́ da erùpẹ̀."

Gbémiga sún síwájú. Ṣùgbọ́n Àǹtí Saidat ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú wọn.

Gbémiga ní, "Ẹ dúró ná. Orúkọ tó wà nínú ìwé la ń tẹ̀ lé."

Àǹtí kò bínú. Wọ́n ní, "Ẹ wo ìwé náà dáadáa, Àlùfáà. Orúkọ mi wà lókè pátápátá. Ọmọ tó tò ó ló sọ fún mi. Òun ló dúró lọ́hùn-ún yẹn."

Gbogbo ojú yí sí mi. Àlùfáà ṣí ìwé, wọ́n kà á lọ sókè, wọ́n kà á sódò. Wọ́n ní, "Mà, kò sí Saidat níbí."

Wọ́n fún Àǹtí ní ìwé kan. Wọ́n fi ọwọ́ tí kò ní erùpẹ̀ gbà á. Wọn kò ṣí i. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wò, aṣọ tí Bàbá wọ̀ ni wọ́n ń wò. Mo rí i nígbà tí wọ́n dá aṣọ náà mọ̀. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wá mi títí ojú wa fi ṣe mẹ́rin. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ojú yẹn fún yín, n kò sì fẹ́ gbìyànjú.

Ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí àga lẹ́bàá sàréè ló fọhùn. Ìyá Ọ̀ṣunmọ́lá ni, ẹ̀gbọ́n Bàbá tó kù láyé. Abúlé lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń gbé, Ọ̀ṣun ni wọ́n ń sìn. Wọn kò mọ ìwé kà, fọ́tò nìkan ni wọ́n ń wò láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á.

Wọ́n ní, "Gbémiga, ta ni mo mú dání yìí?"

"Bàbá ni, Ìyá."

"Àbúrò mi kọ́."

"Ìyá, bàbá wa ni. Ẹ̀ ẹ́ ríran dáadáa ni."

"Ojú mi ò ríran, ṣé itan mi náà ti gbàgbé ni? Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan lọ́jọ́ tí olóòlà wá. Ilà ìbàmú kan ṣoṣo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sí mi láṣọ. Ẹni inú ìwé yín yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni tiẹ̀ wà. Òkú ta lẹ fẹ́ sin?"

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé súnmọ́ ojú. Ariwo ta. Ẹnìkan ní òtítọ́ ni, òsì ni ti Bàbá. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n má tíì bo sàréè o.

Ọdún méjì tí mo fi gbélé Àǹtí, ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni mo ń rí Bàbá tí wọ́n ń wá kí ọmọ wọn. Ìbàmú yẹn ni mo fi mọ̀ wọ́n lókèèrè. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì, n kò tilẹ̀ rántí pé ojú ènìyàn ni mo ń yí.

Gbémiga na ìka sí mi.

"Ìyá, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà yìí ni. Wọn ò mọ nǹkan kan. Àṣìṣe wọn ni."

Àlùfáà ní, "Orúkọ Màmá yìí tí kò sí níbẹ̀ ńkọ́?"

Gbémiga ní, "Àwọn náà ló fò ó. Mo fún wọn ní orúkọ gbogbo ọmọ pé."

Ha. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Mo ya láàárín àwọn ènìyàn bí ẹni tí agbọ́n ta, mo dé iwájú sàréè, mo gbé fóònù mi sókè, mo sì tẹ ohùn rẹ̀ fún wọn. Ó jáde ketekete: "Ṣé o ti yọ obìnrin yẹn? Orúkọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ inú ìwé yẹn o. Má jẹ́ kí ìka rẹ̀ kan kù síbẹ̀."

Gbémiga ń wo ilẹ̀. Èmi ń mí gúlegúle, mo rò pé mo ti borí. Mo ń retí kí ẹnìkan sọ pé mo ṣeun.

Ìyá Ọ̀ṣunmọ́lá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Òun ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọwọ́ ta ló yọ ọ́?"

Mo sọ fóònù kalẹ̀, mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Wọ́n yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. "Saidat, da erùpẹ̀ lé bàbá rẹ. Ìwé kọ́ ló bí ọ."

Àǹtí Saidat da erùpẹ̀ wọn. Àwọn mẹ́rin yòókù tẹ̀ lé wọn, Gbémiga ló kẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí Àǹtí lè rí mi bí wọ́n bá ń jáde. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún náà lọ sí Ìbàdàn. Kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí Àǹtí Saidat wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní ọ̀sán gangan. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

Wọ́n ní, "Dìde. Fọ́tò mi dà?"

"Gbémiga ló mú un lọ, Àǹtí. Ó ní òun máa dá a padà fún yín."

"Mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun ò rí fọ́tò kankan. Èyí tí o gbé wọ inú kọ̀ǹpútà níṣojú mi ńkọ́? Tẹ ìyẹn fún mi."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Bàbá nìkan ló wà níbẹ̀. Mo wá a nínú gbogbo fáìlì, mo wá a nínú ẹ̀rọ tó yà á. Ọ̀gá mi, Alàgbà Bọ́lárìnwá, wá bá mi wá a, òógùn bò wọ́n. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní, "Yéwándé, àbí o ò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án?"

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ wa nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, orí ojúlówó ni mo ti ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ náà ni mo gbé e pamọ́ sí, torí nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo ti gbà pé kò sí ẹni tó máa béèrè obìnrin yẹn mọ́. Gbémiga ló sọ "obìnrin yẹn" jáde lẹ́nu. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe" tù yín nínú. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi títí, irọ́ ni.

Àǹtí fa àga sún mọ́ mi, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Yí Bàbá padà sí bí wọ́n ṣe wà."

Mo tẹ bọ́tìnnì. Ìbàmú padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Bàbá yíjú sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ojú ewé funfun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Àǹtí fi ìka kan funfun yẹn. "Ibí ni mo dúró sí. Dá mi padà síbẹ̀."

Mo ní, "Àǹtí, mi ò lè ṣe é." Mo sunkún. Wọn kò sọ pé kí n dákẹ́, wọn kò sì sọ pé kí n máa sun ún. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ lórí bébà tó dára jù tí a ní. Wọ́n wò ó, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n dìde.

Wọ́n ní, "Màá gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àwọn ọmọ mi á bi mí pé ta ni bàbá àgbà ń rẹ́rìn-ín sí. Mi ò ní dá wọn lóhùn, Yéwándé. Ìwọ ni màá ní kí wọ́n wá bi."